Ẹ̀kọ́ Ayíbírí Ti Pirinsípà Aníwúrà

Òótọ́ ni ìtàn yìí. Mo fi ìka kan ilẹ̀, mo fi kan ahọ́n, mo sì nà án sókè ọ̀run. Tí irọ́ bá wà nínú rẹ̀, kí ẹja má wọ àwọ̀n bàbá mi títí ọdún yóò fi yí po.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí á yọ ti ẹja kúrò, ẹja kò ṣẹ̀ mí. Ohun tí mo ń sọ ni pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ jẹ́ òótọ́. Àwọn ibi tí mo ti fi nǹkan kún un, ohun tí mo fi kún un kò ju bí èèyàn ṣe ń fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lọ. Ibì kan ṣoṣo ni iyọ̀ náà ti dà lọ́wọ́ mi, n óò sì jẹ́wọ́ rẹ̀ kí á tó túká. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà. Ó wà lójú ọ̀nà tí ó ti Òkìtìpupa lọ sí Ìkọ̀yà, mo sì ṣì máa ń ra búrẹ́dì níbẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Dominic Aníwúrà ni pirinsípà Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama Ìmọ́lẹ̀ Tuntun. Ṣùgbọ́n tí o bá pè é ní Ọ̀gbẹ́ni, o ti fa wàhálà. Ọ̀mọ̀wé ni ó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun. Ìwé ẹ̀rí ọ̀mọ̀wé náà kò tíì dé. Ó ti wà lójú ọ̀nà láti ọdún mọ́kànlá. Bóyá ọ̀nà ni kò dára. Kí ó tó dé, orúkọ tí wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ni "Ọ̀mọ̀wé-Ń-Bọ̀ Dominic Aníwúrà, Atọ́nà Àwọn Atọ́nà, Ìràwọ̀ Ẹ̀kọ́ Ilẹ̀ Ìkálẹ̀". Ọmọ ilé-ìwé kankan kò gbọdọ̀ la ẹnu sọ ohunkóhun fún àgbàlagbà nínú ọgbà náà láìkọ́kọ́ pe orúkọ yìí tán pátá. Ọmọ kan ní kíláàsì kìíní fẹ́ tọrọ àyè lọ sí ilé ìgbẹ́ lọ́jọ́ kan. Kí ó tó dé "Ìràwọ̀ Ẹ̀kọ́", àyè náà kò wúlò fún un mọ́.

Igbákejì rẹ̀ ni Ọ̀gbẹ́ni Ọlátúndé. Iṣẹ́ ọkùnrin yìí ni kí ó máa rẹ́rìn-ín kí ọ̀gá rẹ̀ tó parí àwàdà. Nígbà mìíràn, kì í tilẹ̀ ṣe àwàdà ni ọ̀gá fẹ́ ṣe. Aníwúrà á ní, "Ọlátúndé, bàbá ìyàwó mi kú lánàá," Ọlátúndé á ti fọwọ́ di ikùn mú, á ti máa nu omijé ẹ̀rín kí ó tó gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Tí ọ̀gá bá sín, á fa ìwé kékeré yọ, á kọ ọ́ sílẹ̀, á ní, "Ẹ̀kọ́ ńlá lèyí, sà!"

Ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn Aníwúrà ní ọdún yẹn: ipò Olùdarí Ẹ̀kọ́ fún gbogbo ẹkùn náà. Ẹni tí ó wà níbẹ̀ fẹ́ fẹ̀yìn tì ní oṣù keje. Aníwúrà ti rán kóòtù tí yóò wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í jẹ ẹ́. Ó ti ń kọ́ bí yóò ṣe máa juwọ́ láti inú ọkọ̀. Ní àràárọ̀, níwájú dígí, á na ọwọ́ méjèèjì síwájú, á ní, "Ẹ jókòó, ẹ jókòó, ẹ má dìde nítorí mi." Ìyàwó rẹ̀ á dá a lóhùn láti orí bẹ́ẹ̀dì pé, "Dáádì, kò sẹ́ni tó dìde."

Ní oṣù kejì ni wọ́n pè é lọ sí Àkúrẹ́ fún ìpàdé ọlọ́jọ́ méjì lórí ọ̀nà tuntun tí à ń gbà kọ́ ọmọ. Ọjọ́ kìíní, ó sùn. Ọjọ́ kejì, ó jí nígbà tí ọ̀rọ̀ ti dé ìdajì. Ìdajì tí ó gbọ́ yẹn ni ó gbé wálé bí ẹni gbé ọba bọ̀, nígbà tí ó sì di ọjọ́ Ajé, ó kó gbogbo ilé-ìwé jọ sínú oòrùn.

"Ẹ̀yin ọmọ mi," ni ó ké, "àti ẹ̀yin olùkọ́ tí mo ń fi sùúrù gbà mọ́ra! Láti ìgbà tí Elédùmarè ti dá ọmọ aráyé, inú kíláàsì ni tíṣà ti ń kọ́ ọmọ, ilé ni ọmọ sì ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Àwọn baba ńlá wa kò rí i pé ó burú! Ìjọba amúnisìn kò rí i! Èmi ni mo rí i! Láti òní lọ, mo ti yí i bírí! Ilé ni ẹ óò ti máa gba ẹ̀kọ́, láti inú fídíò. Kíláàsì ni ẹ óò ti máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Orúkọ rẹ̀ ni Ẹ̀kọ́ Ayíbírí, bí ẹ bá sì gbọ́ pé àwọn òyìnbó náà ń ṣe é, kí ẹ mọ ibi tí wọ́n ti rí i!"

"Ibí yìí ni, sà!" ni Ọlátúndé pariwo. Ó pàtẹ́wọ́ títí òrùka fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ dúró ná. Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé ọgbọ́n náà ni mo ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ọgbọ́n gidi ni. Ọmọ tí kì í tètè gbọ́ lè dá fídíò padà lẹ́ẹ̀mẹwàá, fídíò kò ní pè é ní olódo. Tí ó bá sì dé kíláàsì, tíṣà á ráyè jókòó tì í, á wo ibi tí ó ti ń kọsẹ̀. Kò sí ohun tí ó ṣe ọgbọ́n náà. Ọwọ́ ẹni tí ó bọ́ sí ni ẹ bá mi wò.

Nítorí lójú ẹsẹ̀ ni Aníwúrà ṣe òfin mẹ́ta. Àkọ́kọ́, òun nìkan ni ojú rẹ̀ yóò máa hàn nínú fídíò, yálà ẹ̀kọ́ ìṣirò ni o, yálà ti Bíbélì ni o. Ìkejì, níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé ilé ni ẹ̀kọ́ wà báyìí, tíṣà kankan kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ nínú kíláàsì mọ́.

Olùkọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, Míìsì Tẹjúmádé, gbé ọwọ́ sókè. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, tí ọmọ bá wá bi wá ní ìbéèrè ńkọ́?"

Aníwúrà ronú. "Ẹ tọ́ka sí ọ̀nà ilé rẹ̀."

Òfin kẹta ni pé ohun tí fídíò bá sọ ni kí ọmọ ṣe ní kíláàsì, kò gbọdọ̀ fi kún un, kò sì gbọdọ̀ yọ kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́, kí ó gbàgbé ìdánwò àṣejáde.

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, Míìsì Tẹjúmádé ti gba ìwé ẹ̀sùn. Ọmọ kan ló bi í bóyá ewúrẹ́ máa ń yé ẹyin, ó sì gbàgbé ara rẹ̀, ó ní rárá. Ọlátúndé wà lójú fèrèsé. Ohun tí wọ́n kọ sínú ìwé ẹ̀sùn náà ni pé: "A gbọ́ ohùn yín nínú kíláàsì yín."

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya fídíò nìyẹn. Ọlátúndé ló ń di fóònù mú. Fídíò mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n yà kí oṣù kẹta tó parí, bákan náà ni gbogbo wọn sì ṣe ń bẹ̀rẹ̀: Aníwúrà á ti abẹ́ ọ̀pẹ jáde wá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, á dúró, á wo òkèèrè bí ẹni tí ó rí ọjọ́ iwájú, á wá yọ awò ojú. Ti ẹ̀kọ́ ìṣirò gba ìṣẹ́jú méjìlélógójì. Ìṣẹ́jú mọ́kàndínlógójì ni ó fi kí ara rẹ̀, tí ó fi dárúkọ ilé-ìwé tí ó lọ àti àwọn tí ó bá a díje tí wọn kò rí i mú. Ní ìṣẹ́jú mẹ́ta tí ó kù, ó kọ ìṣirò kan sójú pátákó, ó ṣe é dé àárín, ó fi ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. "Èyí tí ó kù," ni ó wí, "kò tó ohun tí èèyàn bí èmi ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe."

Ọjọ́ tí wọ́n dé orí ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ni ilé bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ohun tí ó wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ ni àwọn oúnjẹ tí à ń fi ẹ̀gẹ́ ṣe. Aníwúrà wá pinnu pé òun yóò fi púpurú hàn wọ́n, oúnjẹ ilẹ̀ wa, kí àwọn ará Àkúrẹ́ lè mọ̀ pé òun kì í fi orírun òun ṣeré.

Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa rí, bí púpurú ṣe rí nìyí: ó rí róbótó bí bọ́ọ̀lù kékeré, ó dúdú kirikiri lẹ́yìn, ó funfun nínú, wọ́n sì máa ń rò ó bí àmàlà kí wọ́n tó jẹ ẹ́. Ojoojúmọ́ ni Aníwúrà ń jẹ ẹ́. Púpurú ló fi dàgbà. Ìyá rẹ̀, kí Ọlọ́run fi ọ̀run kẹ́ ẹ, ń ṣe púpurú tà ní Igbódìgò ni, èéfín rẹ̀ ló sì rán an lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n obìnrin náà kò jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọ ilé ìdáná lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. "Lọ jókòó síwájú ilé," ló máa ń wí fún un, "má jẹ́ kí èéfín ba ojú tí o fi ń kàwé jẹ́." Ọmọ náà jókòó síwájú ilé. Títí di òní, iwájú ilé náà ló ṣì jókòó sí.

Nínú fídíò náà, ó gbé púpurú kan sókè bí ẹni gbé ife ẹ̀yẹ.

"A ó bó ẹ̀gẹ́," ni ó wí. "A ó sá a sínú oòrùn títí yóò fi gbẹ. A ó lọ̀ ọ́, a ó pò ó, a ó sì mọ ọ́n róbótó. Ẹ̀yin yóò wá bi mí pé, Ọ̀mọ̀wé, báwo ni ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe wá dúdú?" Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àṣírí àwọn baba wa nìyẹn. Ọ̀dà ni! A ó fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún ní ọ̀dà dúdú lẹ́ẹ̀mejì, a ó sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ."

Ọlátúndé, tí ó di fóònù mú, mọ̀ pé irọ́ ni. Ìyàwó rẹ̀ ń ṣe púpurú. Ṣùgbọ́n ó rántí ipò igbákejì rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀kọ́ ńlá, sà!"

Ṣé ẹ mọ̀ pé iná ìjọba kò sí ní ìlú náà, pé fóònù ọmọ mélòó kan ló lè gbé fídíò ogójì ìṣẹ́jú láìkú? Ìyẹn ni àwọn ọmọ fi ń kó fídíò náà lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tí ó wà lẹ́yìn ilé-ìwé, nítorí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ àti tẹlifíṣọ̀n gbàǹgbà. Lẹ́yìn ìsìn ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ á bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á wọlé, àwọn òbí tí wọ́n wá sìn náà á sì jókòó tì wọ́n nínú aṣọ funfun wọn. Nígbà tí Aníwúrà bá yọ lábẹ́ ọ̀pẹ, tí ó bá na ọwọ́ sókè, àwọn ìyá kan tí oorun ti ń gbé lọ á ṣe "Hòsánà!"

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ púpurú, Màmá Helen wà níbẹ̀. Ìyá àgbà yìí ni ìyá ìyá Treasure, ọmọbìnrin tí ó mọ̀wé jù ní kíláàsì àṣejáde. Ogójì ọdún ni Màmá Helen ti fi ń ṣe púpurú ní Ìkọ̀yà tí ó wà nítòsí. Ìkálẹ̀ pọ́ńbélé ni ó ń sọ. Mo ti bá a wẹ̀ ẹ́ díẹ̀ kí ó lè wọ inú ìwé.

"Kí ni ó sọ?" ni ó bèèrè.

"Ó ní kí á fi ọ̀dà kùn ún, Màmá," ni Treasure dáhùn.

"Ọ̀dà wo?"

"Ọ̀dà dúdú."

"Ta ló bí ọmọ yẹn?"

"Màmá, pirinsípà wa ni."

"Mo rí i pé pirinsípà ni. Mo ní ta ló bí i?"

Nígbà tí wọ́n sọ orúkọ ìyá rẹ̀ fún un, Màmá Helen fi ọwọ́ lé orí. "Ọ̀rẹ́ mi! Èmi àti ìyá rẹ̀ la jọ ń ru púpurú lọ sí ọjà! Ẹ pa nǹkan yẹn, ẹ pa á, kí obìnrin náà má baà gbọ́ níbi tí ó wà!"

Àwọn ìyá yòókù ti ń ṣubú lura wọn nínú ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Màmá Helen kò rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ yẹn gan-an ló mú àwọn ọmọ lọ sẹ́yìn ilé rẹ̀. Ó fi bí wọ́n ṣe ń rẹ ẹ̀gẹ́ sínú omi hàn wọ́n, bí wọ́n ṣe ń fún un, bí wọ́n ṣe ń mọ ọ́n, tí wọ́n ń tò ó sórí pẹpẹ igi lókè iná títí èéfín á fi gbẹ ẹ́, tí ẹ̀yìn rẹ̀ á fi dúdú. Ó ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gbìyànjú rẹ̀ wò.

Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, ó wé púpurú kan sínú ewé, ó gba ọ́fíìsì Aníwúrà lọ. Ẹ rántí ohun tí mo ń sọ fún yín yìí: ó lọ láti gbà á sílẹ̀ ni. Kò fẹ́ kí ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tẹ́.

"Dominic, ọmọ mi," ni ó wí.

Ọlátúndé fò dìde. "Màmá! Ọ̀mọ̀wé-Ń-Bọ̀, Atọ́nà Àwọn Atọ́nà..."

"Ìwọ, jókòó. Dominic, ti púpurú yẹn, kì í ṣe ọ̀dà. Èéfín ni. Wò ó, mo mú ọ̀kan wá kí o lè..."

"Màmá," ni Aníwúrà wí, ó fi ẹ̀yìn ti àga, "yunifásítì wo ni ẹ lọ?"

Màmá Helen ti ń tú ewé náà lọ́wọ́.

"Mo bi yín léèrè ni. Nítorí ohun tí ẹ ń sọ yìí, mi ò rí i nínú ìwé kankan. Ọlọ́gbọ́n ló ń ya fídíò, Màmá, ẹ̀yin ń wò ó. Ẹ má yí i padà. Ọlátúndé, kọ orúkọ ìyá yìí mọ́ àwọn ọ̀tá ìlọsíwájú."

Màmá Helen gbé ewé náà sórí tábìlì, ó sì jáde. Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Aníwúrà ní kí wọ́n ro púpurú yẹn, ó sì fi ọbẹ̀ ẹja jẹ ẹ́. Ó dùn mọ́ ọn. Ó lá ọwọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni lẹ́tà dé. Ìyáàfin Olúfúnmilọ́lá Adéìfẹ́, ọ̀gá kan láti Àkúrẹ́, ń bọ̀ wá wo Ẹ̀kọ́ Ayíbírí, tí ó bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi fún Aníwúrà ní ìwé ìgbéga. Aníwúrà ka lẹ́tà náà ní ìjókòó, ó kà á ní ìdúró, ó tún kà á níwájú dígí. Ó yan kíláàsì àṣejáde. Ó yan púpurú. Kíláàsì tí yóò fi gun òkè nìyẹn!

Ọjọ́ náà pé. Ó wọ kóòtù tuntun. Àwọn òbí kún ojú fèrèsé. Ìyáàfin Adéìfẹ́ dé pẹ̀lú dẹ́rẹ́bà rẹ̀ kan tí ó tóbi, tí ó ń jẹ́ Àlàmú, wọ́n sì jókòó síwájú kíláàsì. Obìnrin náà gbé báàgì sórí itan. Aníwúrà rí etí àpòòwé funfun kan tí ó yọ jáde lẹ́nu báàgì náà, láti ìgbà yẹn ni kò ti rí nǹkan mìíràn mọ́.

"Ọmọ mi Treasure," ni ó wí, "fi ohun tí o kọ́ nílé han àwọn àlejò wa."

Treasure pe gbogbo oyè Aníwúrà tán. Ó bu ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti sá, ó pò ó, ó mọ ọ́n róbótó. Ó ṣí agolo. Ó ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ún.

Òórùn ọ̀dà gba inú yàrá. Ọ̀gá láti Àkúrẹ́ tẹ orí síwájú.

"Kí ni ìyẹn?"

"Ọ̀dà ni, mà!" ni Aníwúrà dáhùn pẹ̀lú ayọ̀. "Ẹ̀ẹ̀mejì la máa ń kùn ún."

"Ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilẹ̀kùn?"

"Òun gan-an, mà. Àṣírí àwọn baba wa."

Ìyáàfin Adéìfẹ́ kì í ṣe ọmọ Ìkálẹ̀. Ọmọ Èkìtì ni. Iyán ni wọ́n fi tọ́ ọ dàgbà. Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ̀gbẹ́ni Aníwúrà, púpurú ni mo jẹ ní Òkìtìpupa láàárọ̀ yìí."

"Èmi jẹ méjì, mà," ni Àlàmú wí. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀. "Mo tún gba èènì."

"Ẹ má bẹ̀rù," ni Aníwúrà wí, "ọ̀dà náà kì í pààyàn. Ara máa ń gbà á."

Àlàmú dìde, ó sáré jáde, gbogbo kíláàsì sì gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri bí ó ti ń dá púpurú ìlú Òkìtìpupa padà. Ìyáàfin Adéìfẹ́ ti fa kálámù yọ. "Ọmọ ilé-ìwé mélòó ló ń jẹ nǹkan yìí? Lónìí ni màá kọ̀wé. Wọn kò gbọdọ̀ tà á ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé kankan mọ́!"

Ariwo sọ lójú fèrèsé. Ìdajì àwọn obìnrin tí wọ́n dúró níbẹ̀ ló ń ti púpurú jẹun, tí wọ́n fi ń bọ́ ọmọ. Ìyáàfin Adéìfẹ́ yíjú sí Míìsì Tẹjúmádé, tí ó dúró sí igun láìmira. "Tíṣà! Ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀kọ́ yìí. Ṣé òótọ́ ni?"

Míìsì Tẹjúmádé rántí òfin kejì. Ó na ọwọ́, ó tọ́ka sí ọ̀nà ilé.

"Mo ní ṣé òótọ́ ni?"

Ó tún tọ́ka, ó sì fi ọwọ́ kejì fa ìwé ẹ̀sùn rẹ̀ yọ nínú àpò, ó nà án sí i. Ọ̀gá náà kà á sókè: "A gbọ́ ohùn yín nínú kíláàsì yín." Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì.

Màmá Helen ti wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó gbé ojúlówó púpurú kan sórí tábìlì, ó fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn rẹ̀, dúdú náà ń já sílẹ̀ bí èèpo, funfun ń yọ. Ó nà án sí imú ọ̀gá láti Àkúrẹ́. "Gbóòórùn rẹ̀, ọmọ mi. Ṣé ọ̀dà nìyẹn?"

Ìyáàfin Adéìfẹ́ gbóòórùn rẹ̀. "Èéfín."

"Èéfín ni. A máa ń ha á dànù ká tó gún un. Kò sẹ́ni tó fún ọ ní ọ̀dà jẹ ní Òkìtìpupa. Ẹ pe ọkùnrin gbàǹgbà yẹn wọlé, ẹ sọ fún un pé ó fi oúnjẹ rere ṣòfò."

Ìyáàfin Adéìfẹ́ mí kanlẹ̀. Ó wo Treasure. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní tòótọ́?"

Treasure pe gbogbo orúkọ Aníwúrà, dé orí Ìràwọ̀ Ẹ̀kọ́, ó wá ní, "Mo mọ̀ ọ́n, mà." Ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ti omi, ti fífún, ti pẹpẹ, ti iná. Gbogbo kíláàsì ń bá a fi kún un, wọ́n ń já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu.

"Ta ló kọ́ yín?"

"Màmá Helen, mà. Nílé."

"Kí ló dé tí o fi wá kùn ún ní ọ̀dà?"

"Òfin kẹta ni, mà."

Ọ̀gá láti Àkúrẹ́ jókòó padà. "Ẹ̀kọ́ Ayíbírí yìí dára o," ni ó wí. Inú Aníwúrà ti ń dùn. Ó ti na ọwọ́ méjèèjì, ó ti fẹ́ ní kí wọ́n má dìde nítorí òun. "Ilé ni wọ́n ti kọ́ ọ lóòótọ́. Wọ́n sì mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ̀yin nìkan lẹ kò mọ̀ ọ́n, Ọ̀gbẹ́ni Aníwúrà." Ó ti àpòòwé náà wọ inú báàgì, ó sì fa síìpù. Nínú gbogbo ariwo tí ó ti gbọ́ láyé rẹ̀, kò sí èyí tí ó dun Aníwúrà tó ti síìpù yẹn.

"Ọ̀gbẹ́ni," ẹ gbọ́ o. Kò tilẹ̀ fi Ń-Bọ̀ sí i.

Ibẹ̀ ló ti dá ẹjọ́ náà. Míìsì Tẹjúmádé ni yóò máa bójú tó ilé-ìwé. Aníwúrà yóò lọ sílé, yóò wo fídíò rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlọ́gbọ̀n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, yóò sì kọ ohun tí ó rí kọ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan wá. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ kọ́ púpurú lọ́dọ̀ Màmá Helen. Míìsì Tẹjúmádé la ẹnu, láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Kí ó tó pa ẹnu dé, Ọlátúndé ti ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀kọ́ ńlá, Ọ̀gá!" ni ó wí fún un.

Aníwúrà wo fídíò náà nílé. Nínú èkíní, ó pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Nínú èkejì, ó ń yán. Kí ó tó jáde tán lábẹ́ ọ̀pẹ nínú ẹ̀kẹta, oorun ti gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló pa fóònù náà.

Nígbà tí ó ṣe, ó lọ sí Ìkọ̀yà. Ó bọ́ kóòtù kọ́, ó wọ ilé ìdáná fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ó sì jókòó ti iná. Èéfín gbá a lójú. Ó ní, "Màmá, ṣé inú nǹkan báyìí ni ìyá mi máa ń wà?" Màmá Helen ní, "Lójoojúmọ́." Ọkùnrin náà dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja nínú eérú, ó ní kí ìyá náà dárí ji òun. Màmá Helen sì fi ọwọ́ kan orí rẹ̀, ó ní, "Dìde, Dominic, ẹ̀gẹ́ ń jóná."

Ó dáa. Ibi tí mo sọ pé iyọ̀ ti dà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Ti ọ̀dà, òótọ́ ni. Ti Àlàmú, ẹ lọ bi í. Ṣùgbọ́n Aníwúrà kò lọ sí Ìkọ̀yà. Òkìtìpupa ló wà báyìí, ó ń sọ fún ẹni tí ó bá dúró gbọ́ pé Ọlátúndé ni ó kọ ọ̀rọ̀ ọ̀dà yẹn fún òun. Èmi ni mo fi í sínú eérú, nítorí nígbà tí mo ka ìtàn yìí fún Màmá Helen, tí mo sì dé ibi tí oorun ti gbé e lọ, ó bi mí pé, "Nínú ìwé rẹ náà, kò wá bẹ̀ mí?" Mi ò lè sọ fún un pé rárá.